Láti Ọwọ́ Bẹ́líìtì sí Ọwọ́ Wáyà: Ìtàn Fáànù Ẹ̀yìn Rẹdíétọ̀

Bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́rì àtijọ́ kan, ẹ ó rí fáànù ńlá lẹ́yìn rẹdíétọ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ló ń yí i, bẹ́líìtì ló sì so wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá ṣí ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní, fáànù wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò sí bẹ́líìtì lára rẹ̀. Mọ́tò iná kékeré kan ló ń yí i, wáyà ló sì ń gbé iná wá bá a. Ẹnìkan lè sọ pé kí ló kàn wá níbẹ̀. Ó kàn wá o. Láàárín fáànù àkọ́kọ́ àti ìkejì yìí, nǹkan bí ọdún 70 ló wà. Lórí ọkọ̀ akẹ́rù, ìyípadà náà kò tíì parí títí di òní: àwọn ọlọ́kọ̀ kan ṣì ń yọ fáànù oníbẹ́líìtì kúrò, wọ́n ń fi oníná rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí a mú kúrò nínú ìtàn yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ìgbóná ni iṣẹ́ fáànù, ṣùgbọ́n eré ẹ́ńjìnì ni wọ́n so ó mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti ń wá bí wọn yóò ṣe tú u kúrò lára eré, kí ó lè máa gbọ́ ti ìgbóná nìkan. Tí a bá mọ èyí, a ó mọ ohun tí à ń fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n bá sọ fún wa ní ibùdó mẹkáníìkì pé kí a jẹ́ kí àwọn "dáírẹ́ẹ̀tì" fáànù wa.

Nígbà tí omi ń hó dànù

Kì í ṣe gbogbo epo tí a ń rà ló ń di ìrìn. Nínú ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára epo ló ń bá èéfín jáde. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta mìíràn ń wọ ara irin lọ gẹ́gẹ́ bí ooru. Bí ooru yìí kò bá rí ọ̀nà jáde, irin á wú, gáskẹ́ẹ̀tì á jó, orí ẹ́ńjìnì á wọ́. Ẹni tó bá ti san owó iṣẹ́ orí ẹ́ńjìnì rí kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Karl Benz, ará Jámánì, lọ forúkọ ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 1886. Ọkọ̀ náà kò ní fáànù. Omi ló yí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ká, omi náà á máa hó, ooru á sì bá ọ̀yì omi lọ sínú afẹ́fẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé ọkọ̀ náà ń mu omi bí ẹṣin. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1888, Bertha, ìyàwó Benz, kó àwọn ọmọkùnrin wọn méjì sínú ọkọ̀ náà, ó wà á láti Mannheim lọ sí Pforzheim, ìrìn tó kọjá kìlómítà 100. Lójú ọ̀nà, wọ́n ní láti máa dúró bu omi sí i léraléra. Ọkọ̀ ti ń rìn, ṣùgbọ́n kò lè jìnnà sí ibi tí omi wà.

Ẹni tó yanjú ìṣòro náà ni Wilhelm Maybach, tó ń bá ilé iṣẹ́ Daimler ṣiṣẹ́. Oníṣòwò kan, Emil Jellinek, ní kí wọ́n ṣe ọkọ̀ tó lágbára ju gbogbo ti tẹ́lẹ̀ lọ fún òun, kí wọ́n sì fi orúkọ ọmọbìnrin òun, Mercedes, pè é. Ìparí ọdún 1900 ni èyí àkọ́kọ́ jáde. Maybach to ọ̀pá kéékèèké 8,070 pọ̀ fún rẹdíétọ̀ rẹ̀. Ihò ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju mìlímítà 6 lọ, bí ẹ bá sì wò ó láti iwájú, afárá oyin gan-an ni. Afẹ́fẹ́ ń gba inú ihò kọjá, omi ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn. Nítorí èyí, lítà 9 péré ni omi tí ọkọ̀ alágbára náà nílò. Lẹ́yìn rẹdíétọ̀ yìí ni Maybach fi fáànù kan sí, kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé nígbà tí ọkọ̀ kò bá sáré.

Ẹ ṣàkíyèsí ìdí tí fáànù náà fi wà níbẹ̀: nítorí ìgbà tí ọkọ̀ kò bá sáré ni.

Bẹ́líìtì di ọ̀gá

Nígbà tí Henry Ford gbé Model T jáde ní ọdún 1908, fáànù wà lẹ́yìn rẹdíétọ̀ rẹ̀, bẹ́líìtì láti iwájú ẹ́ńjìnì ló sì ń yí i. Títí di ọdún 1927, wọ́n ṣe ju mílíọ̀nù 15 irú ọkọ̀ náà lọ. Báyìí ni fáànù oníbẹ́líìtì di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ó rọrùn, kò wọ́n, ọmọ iṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ fún oṣù díẹ̀ lè tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ, afẹ́fẹ́ kò wọlé láti iwájú, fáànù nìkan ni ìrètí. Àkókò yẹn gan-an ni ẹ́ńjìnì ń yí jẹ́jẹ́, nítorí náà fáànù náà ń yí jẹ́jẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ bá wá bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀, afẹ́fẹ́ ń rọ́ wọ inú rẹdíétọ̀ fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó nílò fáànù mọ́, ìgbà náà ló wá ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tí iṣẹ́ wà, kò lè ṣe é tó. Nígbà tí iṣẹ́ tán, ó ń jẹ epo lásán.

Epo tó ń jẹ náà kì í ṣe kékeré. Òfin kan wà nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ nípa fáànù: bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó ń gbà á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹ́ńjìnì tó ń yí ní ìgbà 700 láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tí ọkọ̀ dúró lè yí dé ìgbà 2,800 lójú ọ̀nà. Ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn. Bí fáànù bá ń bá a yí bẹ́ẹ̀, agbára tó ń fà lára ẹ́ńjìnì á di ìlọ́po 64.

Síbẹ̀, a ò lè bú bẹ́líìtì tán. Àwọn bọ́lẹ̀kájà àti agbégilódò tó kó àwọn òbí wa àti kòkó wọn dé ọjà, òun ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ó sì ní ìwà rere kan tí a ó padà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀: tí ó bá fẹ́ já, ó máa ń sọ. Á máa han ṣíṣí láràárọ̀ tí wọ́n bá tá ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, bẹ́líìtì kan náà ló ń yí fáànù àti dáínámò. Bí ó bá já, iná pupa bátìrì á tàn níwájú awakọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Volkswagen tí àwọn àgbà ń pè ní "ìjàpá" kò ní omi tàbí rẹdíétọ̀ rárá, afẹ́fẹ́ fáànù ni gbogbo ohun tó ní. Awakọ̀ ìjàpá tó bá rí iná pupa yìí mọ̀ pé kí òun pa ọkọ̀ kíákíá ló kù.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbìyànjú láti tú u sílẹ̀

Ilé iṣẹ́ Peugeot ní ilẹ̀ Faransé wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i pé kò yẹ kí fáànù máa yí nígbà gbogbo. Lára Peugeot 403, tó jáde ní ọdún 1955, àti 404 tó tẹ̀ lé e ní ọdún 1960, wọ́n fi iná sọ irin di mágnẹ́ẹ̀tì láàárín bẹ́líìtì àti fáànù. Bí omi bá gbóná dé ìwọ̀n kan, ṣíwíìṣì kékeré kan á fi iná ránṣẹ́, mágnẹ́ẹ̀tì á di fáànù mú, fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bí omi bá tutù, á jọ̀wọ́ rẹ̀. Peugeot 504 náà jogún ọgbọ́n yìí. Kò sí ìdílé tí kò mọ 504 láàárín wa, nítorí láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń tò ó ní Kàdúná. Nítorí náà, ó ti pẹ́ tí fáànù tó ń gbọ́ ti ìgbóná ti wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà, bí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tilẹ̀ fiyè sí i.

Àwọn Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fi kílọ́ọ̀ṣì kan tí òróró sílíkónì wà nínú rẹ̀ sáàárín fáànù àti ẹ́ńjìnì. Irin tín-ín-rín kan tó máa ń tẹ̀ bí ó bá gbóná wà níwájú kílọ́ọ̀ṣì náà. Bí afẹ́fẹ́ tó ti inú rẹdíétọ̀ jáde bá gbóná, irin náà á ṣí ọ̀nà fún òróró, òróró á fa fáànù mọ́ra. Bí ó bá tutù, òróró á padà sẹ́yìn, fáànù á máa yọ̀ lásán. Kò nílò iná, kò nílò wáyà. Irú rẹ̀ ṣì wà lára ọ̀pọ̀ jíìpù àti ọkọ̀ akẹ́rù títí di òní.

Ṣùgbọ́n ìdajì òmìnira ni gbogbo èyí. Fáànù lè kọ̀ láti yí bí ẹ́ńjìnì bá ń sáré, ṣùgbọ́n kò lè yí ju eré ẹ́ńjìnì lọ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan. Ìṣòro sún kẹrẹ fà kẹrẹ wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Iná dé

Kí ló dé tí wọn kò kàn fi mọ́tò iná sí i láti ìbẹ̀rẹ̀? Nítorí pé iná kò tó ni. Ní ọdún 1912, Cadillac bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ tí Charles Kettering ṣe, tó ń fi iná tá ọkọ̀. Láti ìgbà náà ni bátìrì ti di ara ọkọ̀. Ṣùgbọ́n dáínámò ayé àtijọ́ kò lágbára, pàápàá nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń yí jẹ́jẹ́, ìyẹn àkókò tí fáànù nílò iná jù lọ. Bí wọ́n bá fi fáànù kún iná ọkọ̀, bátìrì á kú.

Alternator ló tú okùn yẹn. Ní ọdún 1960, Chrysler fi í sára ọkọ̀ Valiant gẹ́gẹ́ bí ohun tó bá ọkọ̀ wá, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Alternator ń pèsè iná tó dára bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ dúró sójú kan.

Ohun kejì ni bí wọ́n ṣe gbé ẹ́ńjìnì sílẹ̀. Ní Ítálì, Dante Giacosa, olórí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ Fiat, fẹ́ kí ọkọ̀ kékeré ní àyè púpọ̀ nínú. Ó dá ẹ́ńjìnì dùbúlẹ̀ ní ìbú. Tẹ́lẹ̀, imú ẹ́ńjìnì ló kọjú sí rẹdíétọ̀, bẹ́líìtì lè yí fáànù wẹ́rẹ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá wà ní ìbú, ẹ̀gbẹ́ táyà ni imú rẹ̀ kọjú sí. Giacosa gbé rẹdíétọ̀ sí iwájú, ó fi fáànù oníná sí i, ó sì ní kí ṣíwíìṣì tó ń mọ ìgbóná omi máa pàṣẹ fún un. Ara Autobianchi Primula ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán ètò yìí wò ní ọdún 1964. Nígbà tí Fiat 128 jáde ní ọdún 1969, ayé rí i pé ó ṣiṣẹ́. Volkswagen Golf tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà ní ọdún 1974.

Ohun kẹta ni owó epo. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó ń ta epo dá títà rẹ̀ dúró fún Amẹ́ríkà àti àwọn kan, owó epo sì fò sókè. Ní ìparí ọdún 1975, Amẹ́ríkà ṣe òfin tó ní kí ọkọ̀ tuntun máa rìn jìnnà sí i pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù epo kan. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbogbo ibi tí epo ń gbà ṣòfò. Fáànù tó ń sáré lásán lójú ọ̀nà kò ní ibi tí yóò sá sí mọ́.

Kí ló dá ọkọ̀ akẹ́rù dúró?

Ìṣirò ló dá a dúró. Fáànù oníná ọkọ̀ kékeré lè fa ampere 30 lórí volt 14. Watt 420 nìyẹn, kò pé agbára ẹṣin kan. Ṣùgbọ́n fáànù tírélà tó kó ẹrù kún, tó ń gun òkè, lè gba kilowatt 20 sókè. Bí a bá fẹ́ fi iná volt 28 inú tírélà ṣe é, a ó nílò ju ampere 700 lọ. Alternator ọkọ̀ ńlá kì í sábà pèsè ìdajì ìyẹn. Ìdí nìyí tí tírélà fi ṣì ń lo fáànù tí ẹ́ńjìnì ń yí, tí wọ́n sì fi kílọ́ọ̀ṣì sí i kí ó lè máa sinmi.

Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kéékèèké, irú píkáàpù, ló wà láàárín méjì. Ooru wọn kò pọ̀ tó ti tírélà, bẹ́ẹ̀ ni kò kéré tó ti Golf. Ní ọdún 2005, General Motors yí fáànù píkáàpù rẹ̀ tó fúyẹ́, Silverado 1500, padà sí oníná. Ṣùgbọ́n kí ilé iṣẹ́ tó ṣe é, àwọn ọlọ́kọ̀ ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe é fúnra wọn. Wọ́n ń lọ sí ibi tí wọ́n ń kó àlòkù ọkọ̀ jọ sí, wọ́n ń tú fáànù Ford Taurus tàbí ti Lincoln Mark VIII tó lágbára, wọ́n ń gbé e sẹ́yìn rẹdíétọ̀ píkáàpù wọn. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n tòkúnbọ̀ kò mọ sọ́dọ̀ tiwa nìkan.

Nínú iṣẹ́ yẹn, àwọn nǹkan mélòó kan ló máa ń ya ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni ike tó bo ẹ̀yìn rẹdíétọ̀. Bí kò bá sí i, ibi tí fáànù kọjú sí nìkan ni afẹ́fẹ́ ń gbà, apá yòókù á máa gbóná. Ìkejì ni wáyà. Fáànù ńlá ń fa iná gan-an nígbà tó bá fẹ́ gbéra, nítorí náà ó nílò wáyà tó nípọn, relay, àti fíúùsì tó súnmọ́ bátìrì. Ẹni tó bá fi wáyà iná ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe é ti kọ́ ilé onítọ́. Ilé tí a bá sì fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìkẹta ni ìwọ̀n tí ṣíwíìṣì ń ṣiṣẹ́ sí. Thermostat inú ẹ́ńjìnì ló ń ṣí ọ̀nà fún omi láti lọ sí rẹdíétọ̀. Bí ó bá ń ṣí ní ìwọ̀n Celsius 88, tí wọ́n wá fi ṣíwíìṣì fáànù sí 80, fáànù náà kò ní sinmi láé, nítorí pé omi kò ní tutù tó bẹ́ẹ̀. Ṣíwíìṣì gbọ́dọ̀ ga ju thermostat lọ.

"Ẹ jẹ́ ká dáírẹ́ẹ̀tì ẹ̀"

Ibí ni ìtàn náà ti wọ ibùdó mẹkáníìkì tiwa. Nígbà tí fáànù wà lọ́wọ́ bẹ́líìtì, mẹkáníìkì ló ni ín. Nígbà tó bọ́ sọ́wọ́ wáyà, ó di ti rẹ̀wáyà. Àgbà mẹkáníìkì tó lè fi etí gbọ́ àìsàn bẹ́líìtì kò lè fi etí gbọ́ àìsàn relay, nítorí relay kì í han. Fáànù oníná máa ń kú ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, iná pupa bátìrì kì í sì tàn nítorí rẹ̀. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, awakọ̀ kò ní mọ̀ rárá, nítorí afẹ́fẹ́ ń wọlé fúnra rẹ̀. Ó dìgbà tó bá dé Ọjọ́ta, tí ọkọ̀ dúró gbagidi láàárín èrò, kó tó rí i pé ẹ̀fín ń jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ìbẹ̀rù èyí ló bí dáírẹ́ẹ̀tì. Ṣíwíìṣì bàjẹ́, òmíràn tí wọ́n rà lọ́jà kì í ṣe ojúlówó, oníbàárà sì fẹ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ lónìí. Rẹ̀wáyà á wá so fáànù mọ́ kọ́kọ́rọ́ tààrà: bí a bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́, fáànù ń yí, ó di ìgbà tí a bá pa á. Mi ò ní bú wọn, torí kì í ṣe àìmọ̀ ló ń fà á nígbà gbogbo. Fáànù tó ń yí láìdúró sàn ju èyí tí kò yí rárá lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Fáànù tí wọ́n fi ọdún 70 tú sílẹ̀ kó lè máa gbọ́ ti ìgbóná, wáyà kan ṣoṣo ti so ó padà. Ó tún di ẹrú bíi ti ayé Model T, ó kàn jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ ló ń pàṣẹ fún un báyìí. Mọ́tò rẹ̀ á tètè gbó, alternator á máa ru ẹrù tí kò yẹ kó rù. Bí wọ́n bá wá yọ thermostat kún un, bí ọ̀pọ̀ ṣe máa ń ṣe níbí, ẹ́ńjìnì kò ní tètè gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ á rò pé òwúrọ̀ kùtù ni, á máa da epo sí i. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà bẹntiróòlù kan kúrò ní ìsàlẹ̀ ₦200 bọ́ sókè ju ₦480 lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sẹ́ni tó ní epo tó fẹ́ fi ṣòfò láàárín wa.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbé ọkọ̀ yín tàbí ti bàbá yín lọ, tí wọ́n bá ní kí ẹ jẹ́ káwọn dáírẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ẹ gbà bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí ẹ sì gbọ́dọ̀ délé. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè iye tí ojúlówó ṣíwíìṣì àti relay jẹ́, kí ẹ sì padà wá fi í sí i láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ máa wo géèjì ìgbóná bí ẹ ṣe ń wo géèjì epo. Fáànù kò ní bẹ́líìtì tí yóò bá a han mọ́; ojú yín ló kù tí yóò máa ṣọ́ ọ.